Orí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Láti Inú Páálí: Àkọsílẹ̀ Bí Mo Ṣe Mú Àwọn Ọmọ Mi Mẹ́ta Wọ Inú Eré Orí Ìtàgé Àtijọ́

Ìṣẹ́jú 12 péré ni ìgbìyànjú àkọ́kọ́ fi dúró. Mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, mo ṣí A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare sí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo sì ń fi gbogbo agbára kà á sókè. Egeus ń bínú níwájú Theseus, olórí ìlú Athens, nítorí pé Hermia, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kọ ọkọ tí bàbá yàn fún un. Nígbà tí mo gbójú sókè, àbíkẹ́yìn ti wà lábẹ́ tábìlì, èyí àárín ń fi ìka yàwòrán sórí orúnkún rẹ̀. Àgbà wọn nìkan ló ṣì ń wò mí. Òun ló béèrè pé: "Mọ́mì, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti jáde. Èèyàn mẹ́rin ló ń bá ara wọn jà lójú ìwé, ohùn èmi nìkan ṣoṣo làwọn ọmọ sì ń gbọ́. Mo pa ìwé dé.

Ohun tí mo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 10 lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ síbí, àti èyí tó bọ́ sí i àti èyí tó bàjẹ́, fún ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ kékeré nílé tó sì fẹ́ kí wọ́n bá eré àtijọ́ ṣeré kí wọ́n tó dàgbà débi tí wọ́n á máa bẹ̀rù orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ọmọ mẹ́ta: obìnrin ọmọ ọdún 9 tó ń kàwé dáadáa, ọkùnrin ọmọ ọdún 7 tó ń ka gbólóhùn kúkúrú, obìnrin ọmọ ọdún 4 tí kò tíì mọ̀wé kà. Ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Páálí ńlá 5, sísọ́ọ̀sì, rúlà, gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéèpù, òwú pupa, tọ́ọ̀ṣì kan, aṣọ ìbùsùn méjì. Gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà nìkan ni mo rà. Ìwé eré náà ò gba owó, torí pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti kásẹ̀ ńlẹ̀ tipẹ́. Odindi rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí ni oorun mi: ó tó wákàtí 14 tí mo fi gé nǹkan lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sùn.

Ìpele 1: ìtàn (ọ̀sẹ̀ 1)

Mo kọ́kọ́ rò pé èdè àtijọ́ ló le jù fún wọn, ni mo bá wá ohun tó rọrùn. Lọ́dún 1807, Charles Lamb àti Mary ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún eré Shakespeare 20 sọ bí ìtàn fún àwọn ọmọdé. Mo ka ìtàn Midsummer tó wà níbẹ̀ fún wọn lálẹ́ méjì. Wọ́n gbádùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ fún mi.

Ìgbà tí mo fi ìwé méjèèjì wé ara wọn ni mo rí ohun tó sọnù. Nínú eré gan-an, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà kan wà: Quince káfíńtà, Bottom ahunṣọ, Flute tó ń tún ẹwìrì ṣe, Snout tó ń tún ìkòkò irin ṣe, Snug oníṣẹ́ pákó, àti Starveling télọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe eré níbi ìgbéyàwó Theseus, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe eré rí láyé wọn. Inú igbó ni wọ́n ti ń dánra wò tí iwin kan fi gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Bottom. Nínú ìtàn Lamb, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ò sí, eré wọn ò sí. Ẹni tó wọ orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ọkùnrin kan ṣá tó ṣìnà nínú igbó. Àwọn tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni mo padà gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé.

Mi ò ju ìtàn sílẹ̀ pátápátá. Títí iṣẹ́ fi parí, mo ń fi ìṣẹ́jú 10 sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ fún wọn lẹ́nu, láìwo ìwé, ká tó fọwọ́ kan ìran kankan.

Ìpele 2: ìtàgé inú páálí (ọ̀sẹ̀ 2 àti 3)

Páálí kan, fífẹ̀ 50 cm, gíga 35 cm, jíjìn 30 cm. Mo gé iwájú rẹ̀ sílẹ̀, mo fi etí 4 cm sílẹ̀ yíká. Àwọn èèyàn bébà tí mo kọ́kọ́ ṣe ga tó 20 cm, mo sì fi òwú so wọ́n rọ̀ láti òkè. Wọ́n ń yí bí òkòtó, wọ́n ń kọ̀yìn sí òǹwòran. Mo dà wọ́n nù.

Èkejì: èèyàn 12 cm, bébà ìlọ́po méjì tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Mo lẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ọ̀pá páálí tó fẹ̀ ní 2 cm, tó gùn ní 40 cm, èyí tí ọmọ á máa tì wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Mo la ojú ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ páálí, ní 6, 14 àti 22 cm sí iwájú. Ihò 2 cm há mọ́ ọ̀pá. Mo fẹ̀ ẹ́ sí 3 cm, ó sì ń yọ̀ dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì tí a wé náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù mọ́ lójú di òru inú igbó.

Níbí ni mo ti rí bí wọ́n ṣe lè mọ àwọn olólùfẹ́ mẹ́rin inú eré náà yàtọ̀ síra, ohun tó máa ń da àgbàlagbà pàápàá láàmú. Mo fi òwú pupa so ẹni tó ń fẹ́ràn mọ́ ẹni tó ń fẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, òwú Lysander lọ sọ́dọ̀ Hermia, ti Hermia padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ti Demetrius lọ sọ́dọ̀ Hermia kan náà, ti Helena lọ sọ́dọ̀ Demetrius. Puck, iwin tó gbé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Bottom, wá ṣèèṣì fi oje òdòdó tó ń dá ìfẹ́ sílẹ̀ sí ojú ẹni tí kò yẹ: a tú òwú Lysander, a so ó mọ́ Helena. Lẹ́yìn náà, ti Demetrius náà ṣí lọ sọ́dọ̀ Helena. Ọmọ ọdún 7 ló ń tú u tó ń so ó. Ó dúró wò ó, ó ní: "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó so mọ́ Hermia mọ́ o." Ó ti yé e. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò sì tíì tún ka ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ eré náà fún un.

Ìpele 3: ọ̀rọ̀ gan-an (ọ̀sẹ̀ 4 sí 6)

Mo tẹ odindi ìran kan jáde fún ọmọ méjèèjì tó mọ̀wé kà. Àṣìṣe ni. Wọ́n ri ojú bọ bébà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Èyí ọkùnrin ń ka iye ìlà tó kù kó tó kàn án.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe ti wà láti ayé Shakespeare fúnra rẹ̀. Nígbà náà, wọn kì í fún òṣèré ní odindi eré, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ máa fi parí. Mo pè é ní "ọ̀rọ̀ ìpè" fún àwọn ọmọ. Mo gé bébà fífẹ̀ 10 cm, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ra di gígùn, mo ká a bí ẹní. Ọ̀rọ̀ ìpè wà ní pupa, ọ̀rọ̀ ọmọ wà ní dúdú. Ìlà 14 ni mo kọ́kọ́ kọ fún ọmọ ọdún 7. Ó pọ̀ jù. Ìlà 6 ló gbà.

Ìyàtọ̀ hàn lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ tẹ́tí. Mi ò ní láti sọ "ẹ fetí sílẹ̀" mọ́.

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin náà dìde, ó sì ka gbogbo bébà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti pupa àti dúdú, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. Mo rántí nǹkan kan, mo sáré ṣí ìwé. Ohun tí Flute ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn nínú igbó: ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àti ọ̀rọ̀ ìpè, Quince sì bá a wí. Mo kà á fún un. Ó nu ojú, ó ní kí n tún un kà. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà náà ni mo kọ́kọ́ ń lọ wo bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti èdè: mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kí wọ́n tó sọ ọ́ bí Shakespeare ṣe kọ ọ́. Ìtumọ̀ tí mo ṣe fúnra mi gùn jù. Ìlà tó ní sílébù 10 di 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e fún àwọn ọmọ, mo ní ohun tí wọ́n bá lè fi èémí kan sọ ni kí wọ́n mú. Tiwọn kúrú, ó sì dùn ju tèmi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, kì í ṣe ewì.

Nígbà tí ewì kàn, mo fi ohun tí etí wọn ti mọ̀ ṣe é. Ìlà Shakespeare máa ń ní sílébù 10, èyí tó fúyẹ́ ṣáájú, èyí tó wúwo tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí èyí tó fúyẹ́, àmì ohùn òkè sórí èyí tó wúwo: dò mí, dò mí, dò mí, dò mí, dò mí. Wọ́n gbá a mú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Wàhálà tó tẹ̀lé e ni pé àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà náà lórin, torí àmì ohùn ló rí. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀; agbára ló wà níbẹ̀. Mo nu àmì náà kúrò, mo ní kí wọ́n máa rìn: ìgbésẹ̀ márùn-ún, ìlà kan, kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lórí èyí tó wúwo. Bí mo bá tún máa ṣe é, ẹsẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 4: ta ni yóò ṣe kí ni (ọ̀sẹ̀ 6)

Eré tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń ṣe ni Pyramus àti Thisbe, olólùfẹ́ méjì tí ògiri pín níyà. Ipa mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Pyramus, Thisbe, Ògiri, Kìnnìún, Òṣùpá.

Àgbà fẹ́ gbogbo rẹ̀. Bottom náà fẹ́ gbogbo rẹ̀: Pyramus ni wọ́n fún un, ó tún ní òun á ṣe Thisbe, òun á sì ṣe kìnnìún. Quince ò bá a jà. Ó yìn ín pé Pyramus arẹwà yẹn, òun nìkan ló yẹ ẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú kún un.

Èyí ọkùnrin ní òun ò ní ṣe obìnrin láéláé. Flute náà kọ̀: ó ní irùngbọ̀n ti ń hù lójú òun. Mo sọ fún un pé láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọdékùnrin ló ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé gbogbogbòò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbà. Mo wá ka ìdáhùn Quince fún un: pé kó fi ìbòjú ṣe é, kó sì sọ̀rọ̀ ní ohùn tínrín bó bá ṣe wù ú tó. Ohùn tínrín ló mú un. Ó ń dán an wò káàkiri ilé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kìnnìún ló fún mi ní ẹ̀rù jù. Ẹ̀gbọ́n ké ramúramù lẹ́yìn aṣọ, ọmọ ọdún 4 sì sunkún débi pé a dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ méjì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ti bẹ̀rù pé kìnnìún á já àwọn obìnrin láyà. Bottom ní kí ìdajì ojú Snug máa hàn láti ọrùn kìnnìún, kó sì sọ fún àwọn èèyàn pé èèyàn lòun. Mo gé ojú kìnnìún láti inú páálí, fífẹ̀ 30 cm láti etí dé etí, mo dá ihò 14 cm sí àárín rẹ̀, mo sì gbé e fún ẹni tó ń bẹ̀rù náà. Ojú rẹ̀ yọ láti inú ihò. Ó ní, "Èmi kọ́ ni kìnnìún o, èmi ni," ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì bú ramúramù. Ẹ̀rù náà parí síbẹ̀.

Ìpele 5: orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Àkọ́kọ́ bo gbogbo orí, pẹ̀lú ihò ojú 3 cm. Ohùn ọmọ dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò, ó sì forí sọ ilẹ̀kùn. Èkejì, mo gé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀; ohùn jáde, àmọ́ orí náà ń yọ̀ wá sójú ní gbogbo ìgbà tó bá tẹríba. Ẹ̀kẹta ni mo fi jókòó ronú: ojú ọmọ ni òǹwòran fẹ́ rí. Mo ṣe é bí fìlà, bẹ́líìtì páálí tó fẹ̀ ní 5 cm, 52 cm yíká orí, pẹ̀lú ìtòlé 4 cm fún gọ́ọ̀mù. Imú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yọ síwájú ní 16 cm lókè iwájú orí, etí gùn ní 22 cm. Okùn kan gba abẹ́ àgbọ̀n. Etí tí mo fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ń ṣubú. Kí ẹ rán an.

Ìpele 6: Macbeth, tí kò yẹ kí n gbé wá (ọ̀sẹ̀ 7)

Inú mi ń dùn sí bí nǹkan ṣe ń lọ, mo sì rò pé wọ́n á fẹ́ràn àwọn àjẹ́ inú Macbeth, eré Shakespeare mìíràn, àti ìkòkò wọn. Mo pa iná, mo kà á pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́. Àwọn méjì àgbà fẹ́ sí i. Àbíkẹ́yìn ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, kò sì sùn dáadáa lóru kejì. Mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí igbe kìnnìún ẹ̀yìn aṣọ ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó yẹ kí n mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Macbeth ti wọ àpótí títí yóò fi tó ọmọ ọdún 9.

Ìpele 7: ọjọ́ eré (ọ̀sẹ̀ 8)

Òǹwòran márùn-ún, ìṣẹ́jú 18. Aṣọ ìbùsùn kan ni ẹ̀yìn ìtàgé. Bàbá wọn ni Ògiri. Ó ya ìka méjì sọ́tọ̀ fún ihò tí àwọn olólùfẹ́ ń gbà sọ̀rọ̀. Nígbà ìdánrawò tí kò sí nílé, àga tí a da aṣọ bò la lò, àwọn ọmọ sì ń ṣàròyé pé Ògiri ò sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, Ògiri Shakespeare máa ń sọ̀rọ̀. Èmi gbé tọ́ọ̀ṣì fún Òṣùpá. Bátìrì kú ní ìlà kẹta. Ẹ fi tuntun sí i ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Nínú eré Shakespeare, Quince ló ń sọ ọ́, ó dúró níbi tí kò yẹ kó dúró, gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sì yí padà: ẹni tó wá dá wọn lára yá di ẹni tó ní àwọn ò wá tìtorí kí inú wọn lè dùn. Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àgbà ní ibi tó yẹ kó fi àmì ìdánudúró sí, tí kò wọlé. Fún ìran yìí, ó kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbé àmì kiri láti rí ibi tí ìtumọ̀ ti ń yí. Ó lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan lórí ìlà 10. Lọ́jọ́ eré, ó dúró ní gbogbo ibi tí kò yẹ, pẹ̀lú ìgboyà, nítorí pé ó mọ ibi tó yẹ.

Pyramus kú, Thisbe kú. Mo ti ń ronú lórí ikú yìí nítorí àbíkẹ́yìn, àmọ́ nínú eré, Bottom tó ti kú dìde láti dá Demetrius lóhùn pé ògiri tó pín àwọn bàbá wọn ti wó. Àgbà dìde, ó sọ ọ́, ó tún padà lọ dùbúlẹ̀. Kìnnìún kékeré pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ.

Ìpele 8: àwọn ọ̀pọ̀lọ́ (ọ̀sẹ̀ 9)

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà yìí á ṣiṣẹ́ lórí eré mìíràn. Mo mú The Frogs ti Aristophanes, ará Gíríìkì àtijọ́ tó ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Athens lọ́dún 405 ṣáájú ìbí Jésù. Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì àti eré orí ìtàgé, ń lọ sí ìlú àwọn òkú láti mú akéwì kan padà wálé. Bó ṣe ń tu ọkọ̀ Charon, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé òkú sọdá omi, ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń kọrin yí i ká: brekekekex koax koax. Àga méjì ni ọkọ̀, aṣọ ìbùsùn ni odò, ìgbálẹ̀ ni àjẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ni olórí ọ̀pọ̀lọ́, kò sì nílò bébà kankan. Ìṣẹ́jú 25, kò sí ẹkún, kò sí àtúnṣe.

Ní apá kejì eré náà, wọ́n gbé ẹsẹ ewì Aeschylus àti ti Euripides, akéwì méjì tó ti kú, sórí òṣùwọ̀n láti mọ èyí tó wúwo jù. Mo fi rúlà àti ife bébà méjì ṣe òṣùwọ̀n. Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àwọn méjì yòókù lọ ṣeré wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ 10

Mo tún ṣí Midsummer sí ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí Egeus ti ń bínú. Ìṣẹ́jú 34 la lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ti ka ìlà mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ Egeus tí ọmọkùnrin mi fi na ọwọ́ sí ìwé: "Mọ́mì, ẹ ò lè máa ṣe gbogbo wọn. Ẹ fún mi ní bàbá tó ń bínú yẹn." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú Hermia. Àbíkẹ́yìn ò rí ipa tó wù ú nínú ìran náà. Ó ní òun á jẹ́ ìlẹ̀kùn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ òun.

Ìjì ojú omi tó bẹ̀rẹ̀ The Tempest ti Shakespeare ló kàn. Aṣọ ìbùsùn méjèèjì ti wà nílẹ̀, mo sì ti rán etí òsì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà padà, torí wọ́n ní kó bá àwọn wọ ọkọ̀.